Ohun Ìní Àjọni: Ẹ̀kọ́ Onígbólò Fún Àwa Tí A Ní Ìpín Nínú Ilé-iṣẹ́ Ìjọba

Nígbà tí ìwé owó iná bá dé ilé ní Ìlaró, ní Ayétòrò, ní Ìmẹ̀kọ tàbí ní Ìdí-Ìrókò, ohun tí ó sábà máa ń gbà wá lọ́kàn ni iye tí a ó san, àti bóyá iná tí a rí lò tó iye náà. Ìbéèrè mìíràn wà tí a kì í sábà bi ara wa: ta ni ó ni ilé-iṣẹ́ tí a ń san owó yìí fún?

Ìdáhùn rẹ̀ lè ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fa àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni a tà. Ìdá 40 yòókù wà lọ́wọ́ ìjọba. Ilé-iṣẹ́ IBEDC ti Ìbàdàn, tí ń pín iná fún apá tí ó pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ wa, wà lára wọn. Ẹni tí ń san owó iná ní Yewa jẹ́ oníbàárà, ó sì tún wà lára àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tí a tìtorí wọn di ìpín ìjọba mú nínú ilé-iṣẹ́ náà.

Bí ènìyàn bá ní ìpín nínú òwò, ó yẹ kí ó mọ ẹni tí ń bá a mójú tó o, kí ó mọ ohun tí òwò náà ń mú wọlé, kí ó sì mọ ibi tí èrè ń gbà. Èyí ni ó mú kí a fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí nípa àjọ tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe alámòójútó àwọn ilé-iṣẹ́ àti dúkìá rẹ̀, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa tí a wà ní ẹ̀bá ààlà.

Àjọ méjì, iṣẹ́ méjì

Àjọ méjì ni ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn. Èkíní ni NSIA, Nigeria Sovereign Investment Authority, tí òfin ọdún 2011 dá sílẹ̀. Bílíọ̀nù dọ́là kan ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láti inú owó epo rọ̀bì. Apá mẹ́ta ni a pín owó náà sí: apá kan fún ìgbà tí owó epo bá já wálẹ̀ lójijì, apá kan fún àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí, apá kẹta fún ọ̀nà, afárá, iná àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àjọ yìí ni a fi ṣe olùṣàkóso owó tí a fi kọ́ afárá kejì lórí odò Ọya, tí a sì ná sórí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí ó gba ìpínlẹ̀ wa kọjá. Gbogbo ìjọba, láti orí àpapọ̀ dé ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, ni ó ní ìpín nínú rẹ̀, àwọn gómìnà sì ní àga nínú ìgbìmọ̀ àpapọ̀ rẹ̀.

Àjọ kejì ni MOFI, ìyẹn Ministry of Finance Incorporated. Òun ni ó dàgbà jù, nítorí òfin ọdún 1959 ni ó dá a sílẹ̀, ọdún kan ṣáájú òmìnira. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ìpín ìjọba àpapọ̀ mú nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìjọba lọ́wọ́ sí. Ṣùgbọ́n fún ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún, ìwé ìpín ni ó ń tọ́jú ju òwò fúnra rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀tun. A yan ìgbìmọ̀ olùdarí fún un, Dókítà Shamsuddeen Usman tí ó ti ṣe mínísítà ìṣúná rí sì di alága rẹ̀. Dókítà Armstrong Takang ni a fi ṣe ọ̀gá àgbà. Àfojúsùn tí a gbé ka iwájú wọn ni pé kí dúkìá tí àjọ náà ń mójú tó kúrò ní nǹkan bí tírílíọ̀nù 18 náírà, kí ó di tírílíọ̀nù 100 ó kéré tán, láàárín ọdún mẹ́wàá.

Ní kúkúrú, owó ni NSIA ń tọ́jú kí ó lè bí owó. Ilé-iṣẹ́ àti dúkìá tí ó ti wà nílẹ̀ ni MOFI ń mójú tó. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ni NNPC. Lẹ́yìn òfin epo rọ̀bì ti ọdún 2021, NNPC di ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin òwò gẹ́gẹ́ bí èyíkéyìí mìíràn. MOFI ni ó di ìdajì ìpín rẹ̀ mú, àjọ irú rẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Ilé-iṣẹ́ Epo Rọ̀bì sì di ìdajì kejì mú. Òfin náà sọ pé ní orúkọ gbogbo ìjọba tí ó para pọ̀ di Nàìjíríà ni wọ́n fi dì í mú, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà nínú wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá kọjá ní ibùdó epo Mosimi lẹ́bàá Ṣàgámù, ẹ rántí pé ohun ìní àjọni ni ẹ ń wò yẹn.

Bí a ṣe dé ibi tí a wà

Ní àwọn ọdún lẹ́yìn òmìnira, ìjọba ni ó ń ṣe òwò ọkọ̀ òfuurufú, tẹlifóònù, iná, irin, ìwé àti ṣúgà. Èrò tí ó wà nídìí rẹ̀ kò burú: kò sí aládàáni ọmọ Nàìjíríà tí ó ní irú owó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tí ó ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni pé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń dúró de àṣẹ láti ọ́fíìsì mínísítà, a ń gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́ nítorí ìmọ̀ràn àwọn alágbára, a sì ń san gbèsè ilé-iṣẹ́ láti inú owó ìlú. Nigeria Airways tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1958 kógbá wọlé ní ọdún 2003. Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí NITEL pẹ̀lú, àti iye ọdún tí ènìyàn fi ń dúró de wáyà tẹlifóònù.

Láti ọdún 1988 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Títà náà yanjú ìṣòro kan, ó sì dá òmíràn sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni owó ohun tí a tà ń wọlé. Bí a bá ti ná an tán, ìlú kò ní ilé-iṣẹ́ mọ́, kò sì ní owó rẹ̀. Èyí ni ó mú kí àwọn orílẹ̀-èdè kan wá ọ̀nà kẹta: kí ìlú má ta ìpín rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí olóṣèlú máa darí òwò náà, kí a fa ìpín náà lé àjọ kan lọ́wọ́ tí yóò máa béèrè èrè bí oníṣòwò, tí yóò sì máa jíhìn fún ìlú.

Ohun tí Onígbólò kọ́ wa

Kí a tó yin ọ̀nà kẹta yìí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ìlú bá ní ìpín tí kò sì ní alámòójútó. Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù kò sí ní Èkó tàbí ní Àbújá. Ó wà ní òdìkejì ààlà wa níbí, ní Onígbólò, láàárín Pobẹ̀ àti Kétu ní ilẹ̀ Benin.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo ń wọlé wìtìwìtì, ìjọba Nàìjíríà àti ti Benin fohùn ṣọ̀kan láti jọ dá ilé-iṣẹ́ méjì sílẹ̀: ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Onígbólò àti ilé-iṣẹ́ ṣúgà ní Ṣábẹ. Ní Onígbólò, ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti Benin, ìdá 43 jẹ́ ti Nàìjíríà, ìdá 6 tí ó kù sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ F.L. Smidth ti ilẹ̀ Denmark. Ní Ṣábẹ, Benin ní ìdá 49, Nàìjíríà ní 46. A ṣe ilé-iṣẹ́ Onígbólò kí ó lè máa ṣe ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tọ́ọ̀nù, ìyẹn 500,000, lọ́dọọdún. Benin nìkan kò lè ra gbogbo rẹ̀. Nàìjíríà ni ọjà tí a ní lọ́kàn, ọ̀nà tí ẹrù náà yóò sì gbà dé ọjà ni ààlà ilẹ̀ wa.

Onígbólò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ńtì ní nǹkan bí ọdún 1982. Nígbà náà, owó epo ti ń rẹlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Nàìjíríà ti gbogbo ààlà ilẹ̀, wọn kò sì ṣí i títí di ọdún 1986. Àwọn àgbà Yewa kò gbàgbé àkókò náà: ọjà tú, oko tí ó wà ní òdìkejì ṣòro láti dé, àwọn ẹbí tí ń jẹ orúkọ kan náà kò lè fojú kan ara wọn bí ó ti yẹ. Àmọ́ ohun kan wà tí a kò sábà sọ. Ní ọjọ́ tí ìjọba wa ti ààlà, ó ti ọ̀nà ọjà mọ́ ilé-iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ní ìdá 43 nínú rẹ̀. Ọwọ́ kan kọ́ ilé-iṣẹ́, ọwọ́ kejì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

A kò sọ pé ìjọba kò ní ẹ̀tọ́ láti ti ààlà bí ọ̀rọ̀ ààbò tàbí ti owó bá mú un dání. Ohun tí a ń tọ́ka sí ni pé nígbà tí a ń jíròrò ọ̀rọ̀ náà, ó yẹ kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dìde, kí ó sọ pé: “Ẹ̀yin ọ̀gá, a ní owó níbẹ̀, bí a bá ṣe báyìí, iye báyìí ni a ó pàdánù, ẹ jẹ́ kí a wá ọ̀nà tí sìmẹ́ńtì àti ṣúgà yẹn yóò fi kọjá.” Ìwé ìpín kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní ewúrẹ́ àjọni, ebi ní í pa á. Gbogbo ilé ni ó ni ín, olúkúlùkù sì rò pé ẹlòmíràn ti fún un ní oúnjẹ. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì kò jèrè bí a ti rò, nígbà tí ó sì yá, àwọn aládàáni ni ó wá ń darí wọn.

Òkúta kan náà ní Ìbèṣè

Ohun tí ó mú kí ẹ̀kọ́ yìí wọni lára ni pé òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Onígbólò kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Ìpele òkúta kan náà ni ó gùn láti ìhà Ewékorò, gba ilẹ̀ Yewa, wọ ilẹ̀ Benin lọ. Ní Ewékorò, láti ìbẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní ìpín tirẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì pẹ̀lú àwọn òyìnbó oníṣòwò. Ní Ìbèṣè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa, ilé-iṣẹ́ Dangote ṣí ilẹ̀kùn ní oṣù kejì ọdún 2012 pẹ̀lú agbára láti ṣe mílíọ̀nù mẹ́fà tọ́ọ̀nù lọ́dún, a sì ti mú un gbòòrò sí i lẹ́yìn náà. Ìlọ́po méjìlá ohun tí a ṣe Onígbólò láti máa ṣe ni èyí tí Ìbèṣè fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ pé èyí fi hàn pé kí ìjọba jáwọ́ nínú òwò pátápátá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí aládàáni ni ó ní owó àti ìkánjú tí iṣẹ́ náà nílò. Síbẹ̀, ẹ wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Bí ilé-iṣẹ́ aládàáni bá jèrè, àwọn tí ó ní ìpín nínú rẹ̀ ni ó ń pín in. Ohun tí ó ń kan ìlú ni owó orí, owó ilẹ̀, iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wa, àti ohun tí ilé-iṣẹ́ náà bá ṣe fún àgbègbè rẹ̀. Nǹkan pàtàkì ni ìwọ̀nyí, ṣùgbọ́n wọ́n yàtọ̀ sí èrè onípìn-ín. Òkúta tí a bá wà lónìí kò sì ní hù padà. Bí ìlú kò bá sọ díẹ̀ nínú ohun tí ń bẹ nínú ilẹ̀ di ìpín tí yóò máa mú owó wọlé lọ́dọọdún, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ihò nìkan ni yóò kù fún àwọn ọmọ wa.

Ohun tí a ti ní nílé

Irú ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí a pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ògùn, Òǹdó àti Ọ̀yọ́ ní oṣù kejì ọdún 1976, a kò tú àwọn ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ká. Ní ọdún náà ni a dá ilé-iṣẹ́ Odù'a sílẹ̀ láti di gbogbo wọn mú ní orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ni wọ́n. Ọ̀ṣun àti Èkìtì dara pọ̀ nígbà tí a dá àwọn náà sílẹ̀. Ilé Cocoa House ní Ìbàdàn, tí a fi owó kòkó àwọn àgbẹ̀ kọ́, tí a sì parí ní ọdún 1965, wà lára ogún náà. Ó jóná ní ọdún 1985, a tún un ṣe, a sì tún ṣí i ní ọdún 1992. Odù'a ti la ìgbà ọ̀tún àti ìgbà òsì kọjá, ṣùgbọ́n ìjọba ológun àti ti alágbádá wá, wọ́n lọ, ogún náà kò parẹ́. Ohun tí ó gbà á là ni pé ó dúró gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́, ó ní ìgbìmọ̀ olùdarí àti ìwé ìṣirò owó tirẹ̀, kò sì sí ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo tí ó lè dá a gbé tà.

Ní òkè òkun, Temasek ti orílẹ̀-èdè Singapore ni a sábà máa ń tọ́ka sí. Ní ọdún 1974, ìjọba ibẹ̀ fa ilé-iṣẹ́ 35 lé e lọ́wọ́, mínísítà kò sì ń pàṣẹ ohun tí yóò rà tàbí tí yóò tà. Etiópíà náà ti kó ọkọ̀ òfuurufú, tẹlifóònù àti báńkì ìjọba rẹ̀ sábẹ́ àjọ kan ṣoṣo láti nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Indonesia dá Danantara sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wà pẹ̀lú. Ní Malaysia, àjọ 1MDB tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2009 di ihò tí owó ìlú gbà jáde. Àwọn agbófinró Amẹ́ríkà sọ pé owó tí a kó lọ níbẹ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, ilé ẹjọ́ sì dá olórí ìjọba àná, Najib Razak, lẹ́bi ní ọdún 2020. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ agbaninímọ̀ràn àjọ náà. Nígbà tí ẹni tí ń ṣọ́ owó àti ẹni tí ń ná an bá ti di ọ̀kan, ta ni yóò ké gbàjarè?

Ohun mẹ́ta tí ó yẹ kí a máa wò

Láti inú gbogbo èyí, a rí ohun mẹ́ta tí ará ìlú lè fi díwọ̀n MOFI àti àjọ èyíkéyìí tí ó bá jọ ọ́.

Èkíní ni ìwé àkọsílẹ̀. Ènìyàn kò lè tọ́jú ohun tí kò mọ̀ pé òun ní. MOFI ti gbé iṣẹ́ kíka dúkìá ìjọba àpapọ̀ dání, ilẹ̀, ilé àti ìpín. Ó yẹ kí àkọsílẹ̀ náà dé ojútáyé, kí ará Yewa lè mọ èwo nínú dúkìá wọ̀nyí ni ó wà ní àgbègbè rẹ̀, tí a sì ń lò tàbí tí koríko ti bò.

Èkejì ni ààlà. Yorùbá ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ìjọba ni ó ni ìpín, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti béèrè èrè àti ìwà ọmọlúàbí. Ẹni tí yóò gba òṣìṣẹ́, tí yóò ra ẹ̀rọ, tí yóò sì pinnu iye tí a ó ta ọjà, ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ àwọn tí a gbà fún un. Lójú kejì ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ìjọba bá fẹ́ gbé ìgbésẹ̀ tí yóò kan òwò náà, bí irú títì ààlà, kí a ti gbọ́ ohùn alámòójútó náà kí a tó dá a. Ààlà tí a tún tì ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí a kò ṣí ti Ìdí-Ìrókò títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, fi hàn pé ọ̀rọ̀ Onígbólò kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán.

Ẹ̀kẹta ni ìjíhìn. NSIA ń gbé ìṣirò owó rẹ̀ tí àwọn ayẹ̀wéwò ti yẹ̀ wò jáde lọ́dọọdún fún gbogbo ayé láti kà. Èyí ni ó yẹ kí ó jẹ́ òṣùwọ̀n fún MOFI pẹ̀lú, fún àjọ náà lápapọ̀ àti fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ń mójú tó. Níbi tí èrè kò bá sí, kí a sọ pé kò sí, kí a sì sọ ìdí rẹ̀. A kò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ: ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí ń jẹ gbèsè kì í mú nǹkan wọlé, ìdá 40 tí a ní nínú àwọn ilé-iṣẹ́ apínná kò sì ní sọ owó iná yín di ọ̀fẹ́. Bí a bá mọ òótọ́ ibẹ̀, a ó mọ ohun tí ó yẹ kí a béèrè. Ní ti ìpín NNPC tí ó jẹ́ ti gbogbo wa, èrò wa ni pé ó yẹ kí ohùn àwọn ìpínlẹ̀ máa rinlẹ̀ nídìí rẹ̀ bí ó ti rí nínú ìgbìmọ̀ NSIA.

Iṣẹ́ yìí kò mọ sí ọwọ́ ìjọba nìkan. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 fún ọmọ orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àjọ ìjọba, kò sì pọn dandan kí ó sọ ìdí tí ó fi béèrè. Ọjọ́ méje ni òfin fún àjọ náà láti dáhùn. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Fẹ́dírà Pólì Ìlaró lè lo ẹ̀tọ́ yìí. Àwọn aṣojú tí a dìbò yàn lọ sí Àbújá pẹ̀lú wà níbẹ̀ láti bá wa béèrè.

Ẹ̀yin ará wa, àwọn àgbà tí ó wà ní Yewa lọ́dún 1984 rí bí ọkọ̀ ẹrù ṣe dúró ní ẹ̀bá ààlà tí kò lè kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ nígbà náà pé nǹkan wọn wà ní òdìkejì. Àwa ti mọ̀ báyìí. Bí àkọsílẹ̀ dúkìá náà bá jáde, ẹ jẹ́ kí a kà á. Bí ìṣirò ọdún bá jáde, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sì jáde, ẹ jẹ́ kí a béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀nà tí ewúrẹ́ àjọni kò fi ní kú sí wa lọ́wọ́ nìyẹn.